Màmá mi ṣubú ní balùwẹ̀: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àbíkẹ́, Abẹ́òkúta

Ẹ kú ilé o, gbogbo ilé. Màmá mi, ẹni ọdún 74, ṣubú ní balùwẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọlọ́run bá wa ṣe é, eegun kankan ò kán, ìgúnpá wọn nìkan ló bó. Àmọ́ láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti ń bà wọ́n. Wọ́n á máa di ògiri mú kí wọ́n tó rìn dé ilé ìdáná. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní ká gba ọmọ ọ̀dọ̀, kí màmá má gbé nǹkan kan mọ́, kí wọ́n jókòó jẹ́jẹ́ nínú yàrá, ká máa gbé oúnjẹ bá wọn níbẹ̀. Àbúrò màmá ní tiwọn ní kì í ṣojú lásán, pé ká lọ rí wòlíì. Mi ò mọ èwo ni kí n dì mú. Ṣé ọjọ́ orí ló kàn dé ni, àbí ó ní ohun téèyàn lè ṣe sí i? Ẹni tó bá ti tọ́jú àgbà nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.

Àdìsá, Òṣogbo

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú ọ̀ràn. Táìsì balùwẹ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Gbogbo ilé tí à ń kọ́ báyìí, táìsì tó ń dán bíi dígí là ń lẹ̀ mọ́lẹ̀. Tí omi ọṣẹ bá ti kán sí i, ọ̀dọ́ gan-an á yọ̀. Ẹ tú u, kẹ́ ẹ fi èyí tó ń di ẹsẹ̀ mú sí i. Tówó ò bá tíì sí, ẹ ra ẹní rọ́bà tó ń lẹ̀ mọ́lẹ̀ ní báyìí ná.

Nọ́ọ̀sì Títí, Ìbàdàn

Àbíkẹ́, ẹ kú ìtọ́jú màmá. Àwọn àgbàlagbà ni mò ń tọ́jú lẹ́nu iṣẹ́ mi. Kẹ́ ẹ tó tú táìsì, kẹ́ ẹ sì tó gba ọmọ ọ̀dọ̀, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ẹ bá mi wo ẹ̀yìn ọ̀hún. Kí ni màmá ń ṣe kí wọ́n tó ṣubú? Ṣé ẹsẹ̀ wọn yọ̀ ni, àbí òòyì ló kọ́ wọn, àbí wọn ò tiẹ̀ rántí bó ṣe ṣẹlẹ̀? Ọ̀nà tí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan máa gbé wa gbà yàtọ̀ síra. Tó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ ló yọ̀, a ó wo ilẹ̀ àti bàtà. Tó bá jẹ́ òòyì, a ó wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àti oògùn. Tó bá jẹ́ pé wọ́n kàn bára wọn nílẹ̀ láìmọ bí wọ́n ṣe débẹ̀, kí dókítà tètè yẹ ọkàn wọn wò. Tí ẹnu bá sì wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ọ̀rọ̀ wọn ò já geere mọ́, tí apá kan ò gbé, ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró gba ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni.

Ẹ tún sọ gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò fún mi, títí kan èyí tí wọ́n rà ní kẹ́míìsì láìsí ìwé dókítà. Ojú wọn ńkọ́? Ṣé wọ́n ti ṣubú rí láàárín ọdún kan sẹ́yìn?

Ní ti ọ̀rọ̀ àbúrò màmá, ẹ gbàdúrà, èmi náà ń gbà á. Àmọ́ ohun kan wà tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀. Ní 2003, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ńlá kan lórí àwọn arúgbó ilẹ̀ Yorùbá ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ: Èkó, Ògùn, Ọ̀ṣun, Ọ̀yọ́, Oǹdó, Èkìtì, Kwara àti Kogí. Àwọn 2,152 tí ọjọ́ orí wọn ti tó 65 sókè ni wọ́n bá sọ̀rọ̀. Nínú 100 wọn, bíi 23 ló ní àwọn ti ṣubú láàárín ọdún kan. Ẹ ò rí i pé ó wọ́pọ̀. Àwọn 77 tó kù náà, arúgbó ni wọ́n, wọn ò sì ṣubú. Nítorí náà ọjọ́ orí nìkan kọ́. Ó ní ohun tó ń fà á, apá wa sì ká púpọ̀ nínú ẹ̀.

Àbíkẹ́, Abẹ́òkúta

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ìdájí ni. Ìtọ̀ ń gbọ̀n wọ́n, wọ́n sáré dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, kò síná, wọn ò sì tan tọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní òòyì kọ́ àwọn díẹ̀ kẹ́sẹ̀ tó yọ̀. Sílípáàsì tó ti jẹ nídìí ló wà lẹ́sẹ̀ wọn. Wọ́n ń lo amlodipine fún ẹ̀jẹ̀ ríru, pẹ̀lú oògùn kan tó ń mú wọn tọ̀, alẹ́ ni wọ́n máa ń lò ó. Wọ́n tún ní diazepam tí wọ́n fi ń sùn, kẹ́míìsì àdúgbò ló ń tà á fún wọn, ó ti pẹ́. Ojú ọ̀tún wọn ti ń funfun. Nígbà tí mo wá bi wọ́n dáadáa, wọ́n ní àwọn ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan rí nígbà ọdún Kérésì, pé àwọn ò fẹ́ dà wá láàmú ni.

Nọ́ọ̀sì Títí, Ìbàdàn

Ẹ wo bó ṣe ń tú jáde. Ìkùukùu bo ojú, ìtọ̀ ń lé wọn, oògùn oorun ṣì wà lára, ìfúnpá já wálẹ̀ bí wọ́n ṣe dìde, òkùnkùn, bàtà tó ti jẹ. Kò sí èyí tó dá ṣubú lu màmá nínú wọn. Wọ́n kó ara wọn jọ ni, ìdí nìyẹn tí táìsì nìkan ò fi lè tán ọ̀ràn yìí.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ìfúnpá. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì kan wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tí màmá bá ti dùbúlẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó tún wọ̀n ọ́n nígbà tí wọ́n bá dìde dúró, títí ìṣẹ́jú mẹ́ta á fi pé. Tí nọ́ńbà òkè bá fi 20 dín sí ti ìdùbúlẹ̀, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ bá fi 10 dín, a jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ò tètè dé orí wọn nígbà tí wọ́n bá dìde. Ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n ti ń wọn ìfúnpá àgbà lórí ìjókòó nìkan, tí wọ́n á ní ó dára, kí màmá máa lọ sílé. Ẹ béèrè pé kí wọ́n wọ̀n ọ́n lórí ìdúró. Títí dìgbà náà, kí màmá kọ́kọ́ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n mi ẹsẹ̀ sókè sódò díẹ̀, kí wọ́n tó dìde.

Oògùn tó ń mú wọn tọ̀, ẹ bi dókítà bóyá àárọ̀ ni kí wọ́n máa lò ó. Ẹ má pa á dà fúnra yín o.

Diazepam ló ká mi lára jù. Lára arúgbó, oògùn yìí kì í tètè tán. Wọ́n á jí láàárọ̀, oògùn á ṣì wà nínú ẹsẹ̀ àti nínú ọpọlọ. Ní New Zealand, wọ́n ṣèwádìí kan tó jáde ní 1999, níbi tí wọ́n ti rọra ń dín oògùn oorun àti irú rẹ̀ kù fáwọn àgbàlagbà fún ọ̀sẹ̀ 14. Ìṣubú àwọn tí wọ́n dín in kù fún fi bíi ìdá 66 nínú 100 dín sí ti àwọn tó ń bá a lọ. Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ wọn tún padà sídìí oògùn náà nígbà tí ìwádìí parí. Kì í rọrùn. Àmọ́ ẹ gbọ́ mi dáadáa: ẹ má já a gbà lọ́wọ́ màmá lójijì. Ẹni tó ti ń lò ó tipẹ́, tó bá dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà, gìrì lè mú un. Dókítà ni kó dín in díẹ̀díẹ̀. Kẹ́ ẹ sì wádìí ohun tó ń lé oorun wọn. Bóyá orúnkún ló ń dùn wọ́n lóru.

Ojú tó ń funfun yẹn, ó jọ kátáráàtì. Ẹ gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà olójú láìpẹ́. Ní Nottingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n pín àwọn ìyá tó ti lé ní 70 sí ọ̀nà méjì, wọ́n tètè ṣe iṣẹ́ abẹ kátáráàtì ojú àkọ́kọ́ fáwọn kan, àwọn yòókù dúró de àkókò wọn. Èsì tó jáde ní 2005 fi hàn pé ìṣubú àwọn tí wọ́n tètè ṣe fún fi ìdá 34 nínú 100 dín kù. Iṣẹ́ abẹ yìí, wọ́n ń ṣe é nílùú wa, kì í sì í gba àkókò.

Tẹ́ ẹ bá lè gbé wọn wá sí Ìbàdàn, UCH, ilé ìwòsàn ńlá University College Hospital, ní ilé ìtọ́jú tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fáwọn àgbàlagbà, Chief Tony Anenih Geriatric Centre. 2012 ni wọ́n ṣí i. Ẹni tó bá gbé òbí ẹ̀ débẹ̀, kó kó gbogbo oògùn ilé sínú ọ̀rá kan dání. Kì í ṣe orúkọ oògùn lórí ìwé, oògùn gan-an.

Ọmọ́wùmí, London

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ará. Àwọn àgbàlagbà ni mo ń tọ́jú níbí, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ohun táwọn ẹ̀gbọ́n Àbíkẹ́ sọ, pé kí màmá jókòó jẹ́jẹ́. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá tọ́ ọmọ yanjú, ìgbà ìsinmi ẹ̀ ló dé, ojú á sì tì wá kí aládùúgbò rí ìyá wa tó ń gbá ilẹ̀. Àmọ́ mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Ìjókòó yẹn ló máa gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ màmá.

Ẹran ara tí a ò bá lò, ara á jẹ ẹ́. Ní 2007, àwọn oníwádìí kan ní Amẹ́ríkà ní káwọn àgbàlagbà mélòó kan tára wọn le dáadáa dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì fún ọjọ́ mẹ́wàá. Nígbà tí wọ́n fi máa dìde, bíi kílò kan ẹran ẹsẹ̀ ti bá a lọ. Àwọn tára wọn dá nìyẹn o. Ẹ wá fojú inú wo màmá tí wọ́n fi sínú yàrá fún oṣù mẹ́ta torí wọ́n fẹ́ràn wọn.

Ara hẹ́gẹhẹ̀gẹ tí à ń rí lára àgbà yẹn, ó ní àmì tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n kó tó wọ ara tán. Ọ̀jọ̀gbọ́n Linda Fried àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló tò wọ́n ní 2001, lẹ́yìn tí wọ́n ti wo àwọn tó lé ní 5,000. Kí èèyàn máa rù láìjẹ́ pé ó ń dín oúnjẹ kù, bíi kílò mẹ́rin ààbọ̀ láàárín ọdún kan. Kó máa rẹ̀ ẹ́ nígbà gbogbo. Kí ọwọ́ ẹ̀ má lágbára láti di nǹkan mú mọ́. Kí ìrìn ẹ̀ falẹ̀. Kó má fẹ́ ṣe nǹkan kan. Ẹni tó bá ní mẹ́ta nínú márùn-ún yìí, ara ẹ̀ ti di hẹ́gẹhẹ̀gẹ. Ẹni tó bá ní ẹyọ kan tàbí méjì, ó ti ń lọ síbẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ló dáa jù láti dá a padà. Ẹ wo ìró màmá. Tó bá ti ń yí wọn po ju bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ má pè é ní ara arúgbó, ẹ gbé wọn lọ sórí ìwọ̀n.

Wọ́n sì lè dá a padà lóòótọ́. Ní 1994, Dókítà Maria Fiatarone gbé ìwádìí kan jáde láti Boston. Ọgọ́rùn-ún arúgbó ní ilé ìtọ́jú, tí ọjọ́ orí wọn tó 87 tá a bá pín in dọ́gba. Wọ́n ní káwọn kan máa fi ẹsẹ̀ ti ẹrù tó wúwo, wọ́n fún àwọn mìíràn ní ohun mímu aṣaralóore nìkan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, agbára ẹsẹ̀ àwọn tó ṣe eré ìdárayá ti lé ní ìlọ́po méjì. Ohun mímu yẹn nìkan, láìsí eré ìdárayá, kò ṣe nǹkan kan. Ẹni ọdún 87! Màmá yín ò tíì pé 75.

Bàbá Ọláìtán, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí gbogbo yín. Mo ti lé ní ọdún 79, ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ tẹnu àwa àgbà pẹ̀lú.

Ìdí tí ìyá Àbíkẹ́ fi bo ìṣubú àkọ́kọ́ mọ́ra, mo mọ̀ ọ́n. Bí ọmọ bá ti gbọ́ pé bàbá ṣubú, wọ́n á ní ẹ kó ẹrù yín, ó di Èkó. Wọ́n á gbé yín sí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta, ẹ ò ní í mọ ẹnì kankan níbẹ̀, ilẹ̀kùn irin á sì wà ní títì látàárọ̀ dalẹ́. Ẹ̀rù ìyẹn ń ba àgbà ju ẹ̀rù ilẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ká sọ òótọ́ fún yín, ẹ má fi ilé wa dẹ́rù bà wá.

Mo ṣì ń ro oko ẹ̀yìnkùlé mi. Mo ń gbin ẹ̀fọ́, mo ń fọ aṣọ tí mo wọ̀ sọ́rùn fúnra mi. Nígbà tí akọ́bí mi ní òun á fi ọkùnrin kan sílé tí yóò máa ṣe é, mo ní kó fi ọkùnrin náà ránṣẹ́ láti jẹ́ kó máa bá mi rìn lọ sọ́jà ni, kó máa gbé ẹrù bọ̀, kí n máa gbé ara mi. Ẹ bi màmá léèrè ohun tí wọ́n ṣì fẹ́ fọwọ́ ara wọn ṣe. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ṣe é.

Nọ́ọ̀sì Títí, Ìbàdàn

Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ ó pẹ́ fún wa. Ní 2022, àwọn onímọ̀ 96 láti orílẹ̀-èdè 39 fọwọ́ sí ìlànà kan lórí ìṣubú àwọn àgbàlagbà lágbàáyé, àgbà gan-an ni wọ́n ní ká bi. Ṣé ẹ ti ṣubú láàárín ọdún kan? Ṣé ẹsẹ̀ ń gbọ̀n yín tẹ́ ẹ bá dúró tàbí tẹ́ ẹ bá ń rìn? Ṣé ẹ̀rù ìṣubú ń bà yín? Ẹ̀yin ọmọ, ẹ máa bi wọ́n pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, nígbà tí kò bá sí àlejò. Ẹ̀rù tó ń ba màmá Àbíkẹ́ yẹn ṣe kókó. Ẹni tẹ́rù bá ń bà kì í rìn mọ́, ẹsẹ̀ ẹ̀ á rọ̀, á wá túbọ̀ rọrùn fún un láti ṣubú.

Físíò Káyọ̀dé, Iléṣà

Ẹ kú àlàyé. Físíò ni mí, eré ìdárayá la fi ń tọ́jú iṣan àti oríkèé ara. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí màmá lè ṣe, torí "ẹ máa ṣe eré ìdárayá" nìkan ò tó. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìrìn nìkan ò tó. Àwọn kan máa ń fi bàbá sílẹ̀ kó máa rìn yí ilé ìwé ká láàárọ̀, wọ́n rò pé ó tán. Ìrìn dára fún ọkàn, àmọ́ ohun tó ń dènà ìṣubú ni agbára ẹsẹ̀ àti kí èèyàn lè dúró láìta gọ́ọ̀gọ́ọ̀. Ní 2019, Cathie Sherrington ní Ọsirélíà àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 108 jọ, èèyàn tó wà nínú wọn lé ní 23,000. Eré ìdárayá dín ìṣubú kù ní ìdá 23 nínú 100, èyí tó ń kọ́ ara bí yóò ṣe dúró ṣinṣin sì wà lára èyí tó ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ẹ wá àga onígi tó wúwo, tó ní ẹ̀yìn. Kì í ṣe àga rọ́bà. Àga rọ́bà máa ń sún, ó sì máa ń dojú dé. Ẹ gbé e ti ògiri. Kí màmá jókòó, kí wọ́n ká ọwọ́ sáyà, kí wọ́n máa dìde dúró ṣánṣán, kí wọ́n sì rọra jókòó, fún ìdajì ìṣẹ́jú. Ẹ bá wọn kà á. Obìnrin ọdún 70 sí 74 tí kò bá lè dé ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, ẹsẹ̀ ẹ̀ ti rọ̀ ju ti ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ. Tí wọn ò bá lè dìde láìfọwọ́ ti àga, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ tì í, ibẹ̀ ni wọn á ti bẹ̀rẹ̀. Kí ìjókòó falẹ̀, kí wọ́n má jù ara wọn sílẹ̀ pì. Ìsàlẹ̀ tí wọ́n rọra ń lọ yẹn gan-an ló ń kọ́ itan lágbára.

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n dúró níwájú fèrèsé tó ní irin, kí wọ́n fọwọ́ méjèèjì di irin mú. Kí wọ́n fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ gbéra sókè, kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Kí wọ́n fi gìgísẹ̀ dúró, kí ọmọ ìka wà lókè. Kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí wọ́n dá a padà, kí wọ́n gbé ìkejì. Kí wọ́n wá fi gìgísẹ̀ kan kan ọmọ ìka ìkejì, bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ wọn ilẹ̀, kí wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Èyí le. Kí ẹnì kan dúró lẹ́yìn wọn, kó má dì wọ́n mú, kó kàn nawọ́ sítòsí ìbàdí. Bó bá ti ń rọrùn, ọwọ́ méjì á di ọ̀kan, ọwọ́ kan á di ìka, lẹ́yìn náà wọn ò ní í di nǹkan kan mú mọ́. Tí kò bá nira rárá, kò ń ṣe wọ́n lóore.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, ìdajì wákàtí, kí wọ́n sì máa rìn lọ́jọ́ mìíràn. Ìlànà Otago ti New Zealand ni mo mú un jáde nínú ẹ̀, John Campbell àti Clare Robertson ló dán an wò láàárín àwọn ọdún 1990, inú ilé ara wọn làwọn arúgbó ti ń ṣe é, ìṣubú wọn sì fi bíi ìdá 35 nínú 100 dín kù. Ẹrù tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ níbẹ̀, télọ̀ lè fi ègé ańkárá rán àpò iyanrìn tí yóò ṣe iṣẹ́ yẹn, ìdajì kílò lẹ́ẹ̀kínní. Kí físíò kan kọ́kọ́ wo màmá, pàápàá torí òòyì yẹn.

Alhaja Sàláwà, Ìlọrin

Àlàáfíà fún yín. Orúnkún mi ò gbà mí láyè mọ́ láti kí ìrun lórí ìdúró, àwọn ọmọ mi sì ti gbé àga fún mi. Ṣé kí n máa jókòó lọ?

Físíò Káyọ̀dé, Iléṣà

Ẹ kú àárọ̀, Alhaja. Ẹ̀sìn gba ẹni tí kò lè dúró láyè láti jókòó, ẹ má ni ara yín lára. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹ lè dúró fún rákà kan tẹ́ ẹ bá gbé àga síwájú dì mú, ẹ dúró fún ìkan yẹn, kẹ́ ẹ jókòó fún ìyókù. Ẹni tó ń dìde, tó ń tẹ̀, tó ń lọ sílẹ̀ tó sì ń gòkè lójoojúmọ́, ó ń tọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀. Kí dókítà sì wo orúnkún náà.

Ọmọ́wùmí, London

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ, kí n má gbàgbé. Ọ̀pọ̀ ìyá wa ló jẹ́ pé ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ ni wọ́n ń jẹ, wọ́n á yọ ẹran fún ọmọ ọmọ. Ẹsẹ̀ ò lè lágbára bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, ẹyin, ẹja, wàrà, kí ọ̀kan wà nínú oúnjẹ kọ̀ọ̀kan. Tí eyín ò bá sí, ẹ lọ ẹja mọ́ ọbẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ẹ yéé fi owó ra fítámì D ránṣẹ́ bíi pé òun ni ìṣubú ń sá fún. Wọ́n dán an wò ní Amẹ́ríkà lára èèyàn 25,871, èsì tó jáde ní 2022 ni pé eegun kíkán ò dín kù. Ẹni tí dókítà bá ní ó ṣaláìní in, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀. Ẹ fi owó yẹn sanwó físíò tàbí iṣẹ́ abẹ ojú màmá.

Àdìsá, Òṣogbo

Mo tún dé. Bíríkìlà ni mí, ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Irin ìdìmú balùwẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ṣúrúù kàn án mọ́ ojú táìsì lásán. Bí àgbà bá fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ọn, á já, á sì bá wọn ṣubú. Ẹ ní kí wẹ́dà gé páìpù tó nípọn, kí wọ́n gbẹ́ búlọ́ọ̀kù wọlé, kí wọ́n fi símẹ́ńtì rì í, kẹ́ ẹ má fọwọ́ kàn án títí á fi gbẹ. Ẹ̀gbẹ́ ṣáláńgá kan, ibi ìwẹ̀ kan. Èmi fúnra mi máa ń fi gbogbo ara mi dẹ̀ mọ́ ọn kí n tó sọ fún onílé pé ó ti ṣe tán.

Iná tó ń gba ṣájì, kí ọ̀kan wà ní tòsí orí bẹ́ẹ̀dì. Póò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ò kí ń ṣe ìtìjú, kí wọ́n má baà rìn lóru. Wáyà ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, ẹní tó ká etí sókè, ìró tó ń wọ́lẹ̀, ẹ wo gbogbo ẹ̀. Gọ́tà ẹnu ọ̀nà tí a fi pákó kan ṣoṣo là kọjá, ẹ bò ó.

Àbíkẹ́, Abẹ́òkúta

Mo ti ka gbogbo ẹ̀ sétí àwọn ẹ̀gbọ́n mi. A ti gba ọjọ́ lọ́dọ̀ dókítà olójú, a sì ń lọ UCH lórí ọ̀rọ̀ diazepam. Màmá ní ilé ìdáná làwọn ò fẹ́ fi sílẹ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ á máa pọn omi. Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè méjì ló kù. Tí eegun bá kán, teguntegun àbí ilé ìwòsàn? Tí wọ́n bá sì tún ṣubú nígbà tí kò sẹ́nì kankan ńlé ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Títí, Ìbàdàn

Mo bọ̀wọ̀ fáwọn teguntegun, wọ́n ń ṣe iṣẹ́ gidi. Àmọ́ ìbàdí arúgbó kì í ṣe tiwọn. Tí màmá ò bá lè tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, tí ẹsẹ̀ yẹn kúrú ju ìkejì lọ, tí ọmọ ìka sì yí síta, eegun ìbàdí ló kán yẹn. Ẹ má fà á, ẹ má fi òróró wọ́ ọ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dìde. Ẹ gbé wọn lórí pákó tàbí nǹkan pẹrẹsẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò eegun. Iṣẹ́ abẹ ló sábà máa ń yanjú ẹ̀. Ìdùbúlẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan láti dúró de kó so ló ń fa ojú egbò ní ìdí, òtútù àyà àti ẹ̀jẹ̀ dídì.

Ọmọ́wùmí, London

Ní ti pé wọ́n dá wà: kí wọ́n má sáré dìde. Kí wọ́n sinmi, kí wọ́n mi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wò bóyá nǹkan ń dùn wọ́n gidigidi. Tí kò bá sí, kí wọ́n yí sí ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n fi ìgúnpá ti ara wọn sókè, kí wọ́n wá sórí ọwọ́ àti orúnkún, kí wọ́n rá dé ìdí àga tó wúwo tàbí bẹ́ẹ̀dì. Ọwọ́ méjèèjì lórí ìjókòó àga. Kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ tó lágbára síwájú, àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ á tẹ ilẹ̀ dáadáa, kí wọ́n fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yẹn ti ara wọn dìde, kí wọ́n yí ìdí, kí wọ́n jókòó. Kí wọ́n má tíì rìn. Ẹ tẹ́ ẹní sílẹ̀ kí wọ́n fi ṣe ìdánrawò níṣojú yín, nígbà tára wọn dá, torí ọjọ́ tí ìbẹ̀rù bá dé, ara ló máa rántí.

Tí wọn ò bá lè dìde, kí wọ́n fa aṣọ tàbí ẹní tó bá wà nítòsí bo ara wọn, kí wọ́n máa yí ara padà, kí wọ́n máa mi ẹsẹ̀, kí wọ́n fi nǹkan lu ilẹ̀kùn tàbí ilẹ̀. Ẹni tó bá pẹ́ nílẹ̀ ju wákàtí kan lọ, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ bí kò tiẹ̀ sọ pé nǹkan kan ń dun òun, torí ẹran ara tó tẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ́ lè ba kíndìnrín jẹ́. Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì yẹn, ẹ rán àpò fún un, kó máa wà lọ́rùn màmá nínú ilé, pàápàá ní balùwẹ̀. Ẹ fi nọ́ńbà yín sórí bọ́tìnnì kan ṣoṣo, kí nọ́ńbà aládùúgbò tó ní kọ́kọ́rọ́ ilé sì wà lórí ìkejì.